Bẹ́ǹṣì Tí Gọ́ọ̀mù Rẹ̀ Kò Gbẹ

Àkọ́bí mi, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Jẹ́jẹ́,

Ó di ogójì ọjọ́ lónìí tí o wọkọ̀ padà sí ìlú ńlá lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ibi tí o wá ire lọ, ire ni yóò máa bá ọ níbẹ̀. Èmi náà ń bẹ. Mo ṣì ń pọn omi ìwẹ̀ èèyàn méjì láàárọ̀ kí n tó rántí, ṣùgbọ́n mo ń fi èyí tó ṣẹ́ kù fọ aṣọ, kò sí èyí tó ṣòfò.

Ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ní kí n wá tún àwọn bẹ́ǹṣì ṣe, mo sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òòlù mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin àlejò tó gba yàrá lẹ́yìn ilé wa, èyí tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, mú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré wá. Kò gbọ́ èdè wa, a kò gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ wọlé, ó jókòó. Ìyá náà wọlé, ó jókòó tì í. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kò sí òbí tó ń bá ọmọ jókòó ní kíláàsì, ó fọwọ́ júwe ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì bá kọrí sílé.

Tíṣà sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú fóònù. Ọmọ mi, o kò sọ fún mi rí pé arábìnrin kan wà nínú fóònù tó gbọ́ gbogbo èdè. Tíṣà ní èmi ni aládùúgbò, kí n bá a sọ ọ́ kí ìyá náà fi ọmọ sílẹ̀. Èwo ni ká pàdé èèyàn nígbà àkọ́kọ́ ká máa rán an níṣẹ́ láìkí i? Mo kí ará inú fóònù, mo bèèrè ilé, ọkọ àti ọmọ, mo bá a kẹ́dùn iṣẹ́ àìsinmi, mo ní ṣé afẹ́fẹ́ ń dé ibi tó wà. Gbogbo rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún obìnrin àlejò. Ìyẹn rò pé òun ni mò ń kí, ó ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà ń ṣẹ́jú sí mi pé iná fóònù ń tán lọ, mo ní kó ní sùúrù, a kò tíì kan àwọn ìbátan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni iná náà wá gbà. Obìnrin àlejò ló sọ ọ́, ti inú fóònù sì tún un wí fún wa: "Ọmọ yìí ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ rí lójú ọ̀nà. N kò lè fi í síbi tí n kò ti ní rí i." Fóònù bá kú.

Èmi náà ti jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ mi ní ọsibítù nígbà tí ìyá rẹ wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé bẹ́ǹṣì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ọ̀gangan fèrèsé kíláàsì, mo fi gọ́ọ̀mù kun ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé irú bẹ́ǹṣì yìí, àfi kí àgbàlagbà méjì jókòó lé e títí yóò fi gbẹ, kó má baà dá ọmọ ọlọ́mọ ṣubú. Ó wò mí títí, ó ní òun gbọ́. Mo jókòó, mo fọwọ́ lu bẹ́ǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ mi. Obìnrin náà padà wá jókòó. Ọmọ wọlé.

Ojoojúmọ́ ni mo ń fi gọ́ọ̀mù tuntun kun ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì ń jókòó níbẹ̀ báyìí. Ó ń kọ́ mi ní èdè wọn, mo ti mọ ìṣó àti omi. Lánàá, ọ̀gá ilé-ìwé kọjá, ó ní, "Káfíńtà, gọ́ọ̀mù yín yìí, ṣé ìparí sáà ló máa gbẹ ni?"

Mo ní, "Ojú ọjọ́ ni kò gbà, mà."

Ó bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo bá tìmùtìmù lórí bẹ́ǹṣì náà. Lónìí yìí kan náà ni obìnrin àlejò dìde, ó rìn dé géètì fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fọwọ́ júwe fún mi pé kí n má kúrò, kí ojú kan ṣì wà lára ọmọ.

Jọ̀ọ́, fi owó gọ́ọ̀mù díẹ̀ ránṣẹ́, nítorí n kò lè gbowó lọ́wọ́ ilé-ìwé lórí bẹ́ǹṣì tí kò bàjẹ́. Kí o sì bá mi wádìí ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún arábìnrin inú fóònù. Tíṣà ní ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ mi nínú.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò jókòó tì ọ́ sí ìlú tí o wà. Ní ti ọmọ yìí, n ó máa ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé títí ìyá rẹ̀ yóò fi lè rìn délé.

Èmi ni bàbá rẹ.