Mítà Bàbá Rísí

Alámísì, lẹ́yìn Mọ̀gàríbì

Bàbá Rísí, ọjọ́ mọ́kànlélógójì rèé tí ẹ ti fi mí sílẹ̀.

Mo tún lọ sí ọ́fíìsì iná lónìí. Wọn ò ṣí mítà tó ti tì, nítorí orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ikú wá.

Mo ní, “Ọmọ mi, ilé ni wọ́n kú sí láàárọ̀. A ti sin wọ́n kí ìrun Àsárì tó tó. Ta ló ráyè wá ìwé?”

“Mọ́mì, tí kò bá sí ìwé, Dádì ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ tiwa. Kí wọ́n wá fúnra wọn.”

Ó yẹ kí inú bí mi. Àmọ́ ibì kan ṣì wà l’Ékòó tí wọ́n ti ń retí yín…

Láìsí iná, pọ́ǹpù ò fa omi. Ní Jímọ̀ tó kọjá, àwọn bàbá tó fẹ́ ṣe àlùwàlá gbé búútà tí ẹ máa ń bu omi sí fún wọn lẹ́nu ọ̀nà wa, ó fúyẹ́, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀. Omi tí mẹruwà ń tì kiri tà náà ti wọ́n. Mo bi í léèrè ìdí, ó ní kí n lọ bi ìjọba.

Màá ra kẹ́ẹ̀gì omi kan lọ́la. Gbogbo búútà lè má kún, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí omi tán lẹ́nu ọ̀nà yín ní Jímọ̀ mọ́.