Okùn Tí Vinko Kọ̀ Láti So Mọ́ra

Ilé Ẹ̀gbẹ́ Kànga,
Starigrad,
Lábẹ́ Òkè Velebit.
Ọjọ́rú, oṣù Karùn-ún.

Perina, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún rẹ ti gbà kí o gun àtẹ̀gùn? Bepo ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Èmi wà bí igi ólífì, afẹ́fẹ́ búrà ń lù mí, n kò wó. Kí àwọn ẹlẹ́ja Zadar tó fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ, gbọ́ ọ lẹ́nu mi: òótọ́ ni pé mo fi òòlù fọ́ ọwọ́ Vinko, ọkọ Neda ọmọ-ọmọ mi.

O mọ̀ pé iṣẹ́ Neda ni kó máa mú àlejò gun àpáta. Vinko kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Láti ìgbà òtútù ló ti ń gbá ọmọ yẹn létí nítorí rẹ̀, Neda á ní òkúta ló bọ́ lu òun. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun jáde.

Ní Sátidé, ó ń di ẹrù nínú ilé ìdáná mi, tọkọtaya kan láti Zagreb ló fẹ́ mú gòkè. Ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sínú ife búlúù mi bí ìṣe rẹ̀, torí bí òrùka bá há sínú pàlàpálá òkúta, ó lè fa ìka já. Bó bá sì ti dé, òrùka yẹn ló kọ́kọ́ máa ń bèèrè, kó tó bèèrè omi. Ó kó akoto, òòlù tí wọ́n fi ń kan irin mọ́ àpáta, bàtà tó ń fún ọmọ ìka ẹsẹ̀ pọ̀, bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ara mọ́ okùn, jákẹ́ẹ̀tì nítorí búrà. Mo fi wàràkàṣì àti ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ sí i. Ó wá ku okùn. Ọkọ mi olóògbé, tó ń gba èèyàn là lórí òkè, kì í jẹ́ kí okùn wọ àpò láìjẹ́ pé ó gba ọwọ́ kọjá láti ìdí dé orí. Mo ń fà á lọ bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi kan ibì kan tó le bí awọ ẹja gbígbẹ. Mo gbóòórùn rẹ̀: omi bátìrì. Mo fi ìkúùkù méjèèjì fà á, ó já. Ọwọ́ arúgbó, Perina, okùn tí èèyàn mẹ́ta fẹ́ rọ̀ mọ́!

Vinko, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu kọfí. Mo bi í. Kò gbójú sókè. "Màmá, okùn gbó ni. Ẹ̀yin náà gbó, ẹ ò tíì já." Neda yára ní bóyá òun ló gbé e ti bátìrì nínú bùùtù mọ́tò.

Mo ju ìyókù okùn sí Vinko lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ó dáa. So èyí mọ́ ìbàdí, kí o rọ̀ láti fèrèsé òkè."

Kò fọwọ́ kàn án. Neda wò ó títí. Ó ní, "So ó, Vinko."

Ló bá dìde, ó gbá ọmọ mi nírun mú, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. "Bí n ò bá lè mú ọ sọ̀ kalẹ̀, òkúta á mú ọ sọ̀ kalẹ̀!" Òòlù wà lórí ẹrù. Ọwọ́ tó di irun mú ni mo là á mọ́. Mo gbọ́ egungun. Mo tún là á mọ́ ọn, ó sì sá gba ọ̀nà etíkun lọ, ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa ní oṣù Kọkànlá.

Ọlọ́pàá wá, ọmọdé tí kò tíì nírùngbọ̀n. Ó ní kí n bẹ Vinko kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Mo ní kó gbé okùn náà lọ fún un ní ọsibítù. Bó bá so ó mọ́ra tó sì rọ̀, màá bẹ̀ ẹ́ lórí eékún. Okùn wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Neda wé orí, ó yá okùn tuntun lọ́wọ́ aládùúgbò, ó fi ọwọ́ fà á láti ìdí dé orí, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú àwọn àlejò rẹ̀ lọ. Mo ní kó má lọ, kò gbọ́. Ta ni yóò jọ? Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòlù lórí itan títí ó fi dé. Ó fọ ọwọ́, ó mu omi, ó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà àwo méjì.

Kò bèèrè òrùka. Títí di òní, ó wà nínú ife búlúù, ife mìíràn ni mo fi ń mu kọfí.

Bá mi kí Bepo àti àwọn ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ lọ́jà, má ṣe tẹrí ba.

Tìrẹ ni mo jẹ́, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Zorka