Ibi Tí Ọkọ Mi Ń Lọ ní Tuesday àti Thursday

Ẹ̀yin èèyàn mi lórí page yìí, mo ti ba ọkọ mi lórúkọ jẹ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, àwọn oníbàárà mi ń ka page yìí. Aṣọ ni mo ń rán ní Iba. Ọkọ mi ń darí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ pure water kan ní apá Ijanikin. Ọdún kẹsàn-án rèé tá a ti fẹ́ra, a bí ọmọ méjì. Kí n tó fẹ́ ẹ ló ti sọ fún mi pé òun ka Poly, òun kàn ò ríṣẹ́ tó bá ìwé òun mu ni. Mo gbà á gbọ́... kí ló máa ní kí n má gbà á gbọ́?

Bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta ní gbogbo Tuesday àti Thursday. Ó ní overtime ni. Mo pe ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Tuesday kan, ó ní aago mẹ́rin ni wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò ṣòkòtò ẹ̀ wò, mo wá rí bébà kékeré kan: K 1, Na 1, Ca 2, Al 3. Commercial ni mo ṣe nílé ìwé o, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́... mo rò pé orúkọ àwọn obìnrin ló gé kúrú, pé nọ́ńbà yẹn ni iye ọmọ tí kálukú bí fún un. Al, ọmọ mẹ́ta? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo tún gbọ́ ọ nínú bathroom tó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń ní salt and water, salt and water. Mo ní ta ló ń se ọbẹ̀ fún un?

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe rèé. Mi ò bi í. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ní Ojo ni mo gbà lọ, mo sunkún, mo ní àbúrò wọn ti ní obìnrin níta. Ní Sunday wọ́n pè wá jókòó, wọ́n pe bàbá kan nínú ẹbí wọn sí i. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni. Mo rò pé á jiyàn. Ńṣe ló dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni. Mo máa fi obìnrin náà sílẹ̀." Látọjọ́ náà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kì í gbé ìpè ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó ṣì fi iṣẹ́ usher sílẹ̀ ná.

Tuesday pé, ó tún lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀! Ní Thursday mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ dúró dè é lẹ́bàá ilé iṣẹ́ wọn, mo tẹ̀ lé e. Okokomaiko ló bọ́ sí, ó gba ẹ̀yìn ilé ìtàwé kan, ó wọ yàrá kan tí wọ́n kọ LESSON sára ògiri ẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ SS3 ló kún orí bẹ́ǹṣì, K 1, Na 1 wà lára bọ́ọ̀dù gàdàgbà. Ọkọ mi, ẹni ọdún méjìlélógójì, há sáàárín wọn, orúnkún ẹ̀ ò wọ abẹ́ tábìlì. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń kọ́ wọn. Ó bi wọ́n pé bí acid bá pàdé base, kí ló ń jáde. Ọkọ mi dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Salt and water, ma." Ma... fún ọmọ tó lè bí.

Mo padà lọ bá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀gá wọn ń wá ẹni tí á máa ṣàyẹ̀wò omi, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní credit nínú Chemistry, ọkọ mi sì ti forúkọ sílẹ̀ fún GCE. Kò ka Poly rí. WAEC gan-an, kò ní.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mi ò tíì sọ fún un pé mo mọ̀. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á tì í, á jókòó sílé. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ náà. Ẹni tó lè gba àlè tí kò yàn mọ́ra, kí ló tún kù tó fi pa mọ́ fún mi? Tísà yẹn ńkọ́, ṣé ẹ̀kọ́ nìkan ni? Àbí èmi gan-an ni ẹ̀rù ń bà á... torí mo máa ń bú ọkọ aládùúgbò wa níṣojú ẹ̀ pé púrúǹtù ni. Tí mo bá lọ wẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ń lọ. Lánàá ó tún ní òun ń lọ overtime. Mo ní kó má pẹ́ jù. Ẹ dákun, ẹ̀yin ọkùnrin inú page yìí ní pàtàkì, èwo ló máa dùn yín jù: kí gbogbo ẹbí máa pè yín ní alágbèrè, àbí kí ìyàwó yín mọ̀ pé ẹ ò jáde ìwé mẹ́wàá?