Mi Ò Ya Wèrè, Bọ̀dá Ìdrís

Bọ̀dá mi,

Ìyá Abdulwahab tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa gbé omi hàntú wá fún mi láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Sẹ̀kínát, mu ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní orí rẹ ti fẹ́ dàrú." Ẹ̀yin nìkan ni mo finú hàn!

Mi ò ya wèrè. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mi ò ti rí oorun sùn. Mo ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin olùgbaninímọ̀ràn tí mo sọ fún yín yẹn, ní Mayfair. Kò ní fún mi lábẹ́rẹ́. Ó ní òun á máa bi mí léèrè, màá dáhùn èyí tó bá wù mí, bí ẹkún bá sì ń gbọ̀n mí, kí n sun ún.

Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Ẹ má tẹ̀lé mi o. Obìnrin náà ṣèlérí pé ohun tí mo bá sọ kò ní dé etí ẹlòmíì. Ẹ̀yin ò lè ṣe ìyẹn fún mi.