Ajá Tó Ń Gbé Yàrá Kẹta

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó kí ọ, torí bí mo bá kí ọ tán, ojú á tún tì mí. Yàrá kẹta nínú ilé tí o ní kí n máa bá ọ bójú tó, tí mo ní ayálégbé tuntun ti wọ̀, ajá ló ń gbé ibẹ̀.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé tí o fòógùn kọ́ di ohun ẹ̀rín. Ara èmi náà le, àfi orúnkún àti ọgbọ́n.

Ìwọ lo kúkú sọ lórí fóònù pé ayálégbé tó bá ní ẹran ọ̀sìn, kí ẹran náà wà nínú ìwé àdéhùn. Nígbà tí káfíńtà kan kó dé sí yàrá kẹta pẹ̀lú ajá rẹ̀, mo ki ẹsẹ̀ ajá bọ íńkì, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, mo rò pé ìwà létòlétò mi ló wù ú. Èmi tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn o.

Káfíńtà ti wá kó lọ, ó fi ajá sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un. Kò wá. Mo rò ó pé ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ̀wé, tí ọdún rẹ̀ ò tíì pé, bí mo bá lé e jáde, ó lè dẹjọ́. Mo ń kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé bá a. Nígbà tó jẹ etí ilẹ̀kùn, mo fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ilé onílé ni. Nígbà tí o ní kí n ya fọ́tò yàrá náà, kí n gbé e sórí fóònù fún àwọn tó ń wá yàrá, ajá nà gbalaja sí àárín rẹ̀ bíi baálé ilé, ni àwọn èèyàn bá ń pè mí, iye tí ajá jẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Mo ní a kì í ta ayálégbé. Nígbà tó sú mi ni mo parọ́ fún ọ pé yàrá ti lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kan wá, ìyá ọlọ́mọ méjì, ó ní òrùlé ibi táwọn wà ń jò sórí àwọn ọmọ òun. Mo ní kò sáyè. Ó yọjú wo fèrèsé, ó rí ajá, ó wá bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìyá, ṣé ajá yìí ló sàn ju àwọn ọmọ òun lọ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé àdéhùn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù mọ́. Látìgbà tí ẹ̀yin ọmọ ti lọ tán, ajá yìí nìkan ló ń dìde bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Wo ìyá arúgbó tó ń fi yàrá ọmọ rẹ̀ ra ẹni tí yóò kí i káàbọ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ilẹ̀kùn. Mo pe káfíńtà lórí fóònù pé kó wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣebí ajá rẹ̀ ló jẹ ẹ́, ó ní ayálégbé mi ni. Má sì torí èyí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ibi tí o bá kàn, wọn á ṣí i fún ọ. Ìwọ náà á rí ẹni tí yóò máa dìde pàdé rẹ.

Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó fọ yàrá kẹta, n ó pe nọ́ọ̀sì kó wá gba kọ́kọ́rọ́, n ó sì tẹ́ ẹní ajá sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi.

Èmi ni ìyá rẹ.