Ọkọ̀ Tí Ó Ru Omi Lọ Sójú Òkun

Òkè-Ìsàn, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Lateefat Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa ni o wà? Teslim ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé? Muadh ọkọ mi ńkọ́? Lubabah ńkọ́, ṣé eyín tó ń dà á láàmú ti yọ tán? Ọlọ́run Ọba tó dá Surulere, tó sì dá Òkè-Ìsàn, kò ní fi ojú yín rí ibi, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ lójú ọ̀nà, ẹ kò sì ní bá wọn pín nínú àgbákò. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ṣì máa ń ro ó láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ràn báyìí, á dìde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá wí. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, akọ ni méjèèjì. Ìjì gbé páànù kan lọ lórí ilé ìdáná, a rí i nínú oko ẹ̀gẹ́, ó ti padà sípò rẹ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé tí o bá pè mí lórí fóònù, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti ìdájí ló máa ń sá lọ. Ohùn rẹ ni mo máa ń gbọ́, n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìwé tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àgbà nígbà tí mo wà nínú oyún rẹ ni mo fi ń kọ èyí, nítorí náà bí àmì kan bá já bọ́ lójú ọ̀nà, bá mi ṣà á.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Àwòrán ọkọ̀ mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, tí o ní kí èmi àti bàbá rẹ bá yín yan èyí tí ẹ ó fi ṣe fàájì pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà ìsinmi rẹ, a ti wò ó. Inú wa dùn pé ẹ kà wá kún. Abẹ́ igi ọsàn la jókòó sí, mo na fóònù jìnnà, bàbá rẹ fà á mọ́ra, títí iná inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ọkọ̀ kìíní yẹn ga ju mọ́ṣáláṣí wa lọ. Mo ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ fún bàbá rẹ, pé odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà lórí rẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe orí omi náà ni ọkọ̀ ọ̀hún wà ni? Mo ní orí omi ni. Ó ní kí ló dé tí wọ́n tún ru omi sórí, ṣé ti ìsàlẹ̀ ti tán ni? Mo kà á síwájú pé ọmọ tó bá ṣì ń lo páńpáàsì kò gbọdọ̀ wọ odò náà. Ó ní kí wọ́n bọ́ páńpáàsì rẹ̀ sọ nù kí wọ́n gbé e sínú bàsíà. Jọ̀wọ́, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n gba bàsíà láyè, nítorí èyí tí mo fi ń wẹ ìwọ gan-an ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kò jò.

O tún kọ ọ́ pé ilé ìṣeré kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n ti ń báni tọ́jú ọmọ kí ìyá àti bàbá lè sinmi, pé wọ́n á gba Muadh, ṣùgbọ́n Lubabah kò tíì tó ọjọ́ orí. Mo ka ibẹ̀, mo tún un kà. Lateefat, àwa náà máa ń tọ́jú ọmọ níbí kí ìyá àti bàbá lè sinmi, a kì í sì í béèrè ọjọ́ orí.

Ọkọ̀ kejì ni o ní gbogbo yàrá rẹ̀ ló ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí òkun. Muadh yìí náà, tó ń gun fíríìjì! Bàbá rẹ ní bí ẹ bá mú ti ibẹ̀, kí ẹ fi ọ̀já so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. O ní oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di òru, ẹnikẹ́ni kì í gbowó, èèyàn á kàn máa bù. Ó bi mí pé òkú ta ni wọ́n ń ṣe. Mo ní kì í ṣe òkú, fàájì ni. Ó ní ẹni tó gbé àlejò dé àárín òkun, tó wá ń fún un lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó jẹun.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ kékeré yẹn, èyí tó ń lo ọjọ́ mẹ́rin péré. Odò tirẹ̀ kò kọjá orúnkún ọmọdé, wọ́n sì máa ń gbé ibùsùn ọmọ wá sínú yàrá. Bàbá rẹ ní òun kò rí àléébù rẹ̀, èyí tí kò dùn mọ́ ọn nínú.

Wàyí o, ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ. N kò lè yan ohun tí n kò fojú rí, ẹni tó bá fẹ́ ra ewúrẹ́ kì í wo àwòrán. Mo sọ fún bàbá rẹ pé mò ń lọ sọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì wọ mọ́tò Èkó. Ìdó ni mo ní kí wọ́n gbé mi lọ, nítorí nígbà tí mo wà lọ́mọge, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé gbogbo ohun tó ń rìn jìnnà ti ń gbéra. Wọ́n já mi sí Costain, ọkùnrin kan tó ń ta bẹ́líìtì júwe ọ̀nà fún mi, mo fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá parí rẹ̀.

Mo dé etí omi. Ọkọ̀ kékeré ni mo rí, àti àwọn tó ń kó yanrìn. Obìnrin kan ń to ẹja sínú agbọ̀n, mo fi àwòrán hàn án, mo ní ibo ni wọ́n so èyí mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, kó tó rí i pé n kò ṣàwàdà. Ó wá fún mi ní àga rẹ̀. Ó ní, Màmá, ọkọ̀ yìí kì í wá síbí o, bàálù ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀ lọ sílùú òyìnbó kí wọ́n tó bá a. Mo ní ṣé lẹ́yìn náà ọkọ̀ ọ̀hún á wá gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ń lọ? Ó ní rárá, á gbé wọn kiri ni, á sì dá wọn padà síbi tí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo omi. Mò ń rò ó pé bó bá jẹ́ lílọ àti bíbọ̀ lẹ ń wá, ọ̀nà Òkè-Ìsàn náà ní lílọ, ó sì ní bíbọ̀.

Mo wá sọ fún ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí ojú yìí kò ti rí ọkọ̀, kó kúkú rí ọmọ. Bí mo ṣe kọrí sí Surulere nìyẹn.

Mo dá ilé yín mọ̀ láti ìgbà ìsọmọlórúkọ Muadh, bí wọ́n tilẹ̀ ti fi ọ̀dà mìíràn kùn ún. Mẹ́gáàdì tuntun ni mo bá lẹ́nu géètì. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀, a kàn ń rẹ́rìn-ín síra wa ni. Ó fi ọwọ́ júwe pé ẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Ó wá fi ọwọ́ wọn gíga ọmọ kékeré nílẹ̀, ó sì nawọ́ sí òdìkejì títì, síbi ilé tí wọ́n ya labalábá sára ògiri rẹ̀.

Mo rí wọn láàárín irin géètì ibẹ̀, Lateefat. Mo mọ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Muadh ń ti mọ́tò oníke kiri, orí ìyá mi ni ó gbé wáyé, orí gbọọrọ yẹn. Lubabah jókòó sórí ẹní, ó ń jẹ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ tí n kò wẹ̀ rí, tí n kò pọ̀n rí, nítorí ìgbà tí o bí i náà ni ẹsẹ̀ bàbá rẹ kán. Ẹ̀yìn mi gbóná bí ẹni pé wọ́n ti gbé e pọ̀n.

Obìnrin tó ń tọ́jú wọn jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní kí n má bínú, òun kò lè ṣí géètì, pé àwòrán gbogbo ẹni tó lè wá mú ọmọ wà lára ògiri ọ́fíìsì òun, tèmi kò sì sí níbẹ̀. N kò bínú. Mo ṣàdúrà fún un pé bó ṣe ti géètì mọ́ èmi yìí, bẹ́ẹ̀ ni kó máa tì í mọ́ gbọ́mọgbọ́mọ. Àánú mi ṣe é. Ó mú Muadh lọ́wọ́ wá sẹ́nu irin, ó bi í pé ta nìyí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí mo máa ń kọ fún un lórí fóònù. Ó wojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi. Ó wá sọ fún àǹtí rẹ̀ pé Màmá Ìjẹ̀bú wà nínú fóònù, ó sì padà sídìí mọ́tò rẹ̀. Ọmọ náà kò parọ́. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ mí. Lubabah ní tirẹ̀ gbójú sókè, ó rí mi, ó fi igbe ta.

Obìnrin náà fẹ́ pè ọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pè. O ti sọ fún mi pé ọ̀gá yín kì í fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ yín, bàbá rẹ kò sì mọ ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an. Mo rò ó pé bí o bá dé, tí o gbé Lubabah fún mi, tó bá ń ké, ojú á tì ọ́, ojú á tì mí, ọmọ á sì máa ké láìmọ ohun tó ń da àgbà méjì láàmú.

Mo ní àádùn àti ẹ̀pà lọ́wọ́ fún wọn. Obìnrin náà ní ẹ̀pà kò gbọdọ̀ wọlé sọ́dọ̀ àwọn, pé àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀pà máa ń bá jà. N kò gbọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n n kò jiyàn. Mo gbé e fún mẹ́gáàdì, mo sọ fún un pé ìyá Lateefat ló gbé e wá, ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, mo sì padà sílé.

Ọjọ́ kejì lo pè mí, tí o ń sọ fún mi pé ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ gbé àádùn àti ẹ̀pà sílẹ̀ lẹ́nu géètì nínú láílọ́nù dúdú, pé Teslim ní kí wọ́n lọ dà á nù, nítorí ní Èkó yìí èèyàn kò mọ ẹni tó ń fúnni ní nǹkan. Mo ní ẹ ṣe dáadáa. Mo tún ní kí ẹ máa ṣọ́ra. Nígbà tí o gé fóònù, mo lọ jókòó ti ọlọ, torí pé orí ọlọ ni mo ti lọ àgbàdo náà, ẹ̀rọ kì í lọ̀ ọ́ kúnná bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Má jẹ́ kí ó dun Teslim o. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo fi ọmọ mi fún.

Èsì mi rè é: ọkọ̀ kékeré ni kí ẹ mú. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé nítorí odò rẹ̀ tí kò jìn ni, àti pé àwọn ọmọ kò ní sọ nù nínú rẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lo ní wọ́n máa ń fún ọ lọ́dún. Àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyẹn á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á lá àwo. Èyí kékeré á jẹ, á sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Díẹ̀ yẹn ni mò ń tọrọ. Ẹ lọ ṣe fàájì yín, ẹ wo òkun, ẹ jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ kó wọn wá. Jẹ́ kí Lubabah ké. Ọjọ́ kìíní á ké, ọjọ́ kejì á máa yọjú wò mí láti ẹ̀yìn aṣọ rẹ, ọjọ́ kẹta á wá gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kó jẹ́ lílọ bíbọ̀ ọjọ́ kan.

N kò tíì sọ ìkankan nínú èyí fún bàbá rẹ, àfi àádùn tó bi mí léèrè pé ta ni mo lọ̀ ọ́ fún, mo ní àwọn ọmọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n láti àná ló ti wà lẹ́yìnkùlé tòun ti ẹsẹ̀ yẹn, tó ń fi ayùn rẹ́ pákó. Mo ní kí ló ń ṣe. Ó ní kànga náà ṣí sílẹ̀ jù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ kànga yẹn ló ti ṣí sílẹ̀, Lateefat, kò dùn ún rí. Bí nǹkan díẹ̀ bá kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn owó ọkọ̀, fi owó irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn ránṣẹ́, àti ti àgádágodo kan, kó lè parí ìdérí kànga náà. Má fi sí báńkì o. Ẹ̀rọ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń béèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn, èmi kì í sì í dá a lóhùn. Kó o fún awakọ̀ ló dáa.

Ilé tí ẹ wà kò ní lé yín, ọ̀nà tí ẹ fẹ́ rìn kò ní nà yín. Omi kò ní gbé yín, afẹ́fẹ́ kò ní jù yín nù. Àwọn ọmọ yín á mọ ilé, ilé á sì mọ̀ wọ́n. Àmín.

Mo gbọ́ tó ń kan ìṣó. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a di pákó mú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìdíátù.