Ibi Tí Bàbá Bohor Ní Kí N Kà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kejì
Ohùn mi ti ń ya. Àárín ìtàn ère ọmọ màlúù ló ti há. Bàbá Bohor rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Vitali, ṣé àkùkọ lo gbé mì ni?" Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Òun ló kọ́ bàbá mi náà.

Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n máa pè mí wá ka Tórà, ìwé òfin Mósè, kí n lè di ọkùnrin láàárín wọn. Ọkùnrin mẹ́sàn-án péré ló kù ní sínágọ́gù wa ní Izmir. Àdúrà ò pé láìsí mẹ́wàá. Èmi ni wọ́n ń retí.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì
Wàhálà! Mo lọ ra bọ́tìnnì fún Màmá ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Izak, olórí sínágọ́gù. Ó ní kí n ka díẹ̀ létí òun. Ojú ẹ̀ yí padà. "Ta ló ní ibẹ̀ yẹn lo máa kà? Lẹ́yìn ọjọ́ tìẹ, ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì ká tó débẹ̀!" Sátidé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí à ń kà, kàlẹ́ńdà èṣí ni Bàbá Bohor sì wò. Kíkọ́ àgọ́ Ọlọ́run ló kan ọjọ́ tèmi — wúrà, fàdákà, awọ ẹran. Mi ò mọ ẹsẹ kan níbẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún Bàbá Bohor, kí ojú má bàa ti bàbá àgbà. Ó ní òun á kọ́ mi ní ẹsẹ díẹ̀, lẹ́yìn káńtà.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kejì
Àárọ̀, ọmọ màlúù lọ́dọ̀ Bàbá Bohor. Ọ̀sán, àgọ́. Bàbá Izak ti sọ fún gbogbo ará sínágọ́gù, àfi ẹni tọ́rọ̀ kàn. Wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi lójú títì. Mò ń tan àgbàlagbà jẹ, inú mi ò dùn rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kejì
Bàbá Bohor fún mi ní ìborùn àdúrà ẹ̀. Mi ò lè wò ó lójú.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kẹta
A kì í kọ̀wé ní Sábáàtì, ìdí nìyí tó fi di òní. Mo kà á lánàá. Ohùn mi ò ya.

Bí ẹni tó ń kà bá ṣìnà, ẹni tó gbọ́ gbọ́dọ̀ ké sí i — òfin wa ni. Bàbá Bohor dìde. "Kì í ṣe ibẹ̀! Vitali, ibẹ̀ kọ́ ni mo kọ́ ẹ!" Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Bàbá Izak kàn fi ìka tọ́ka sí ìwé tó wà níwájú Bàbá Bohor. Bàbá àgbà tẹjú mọ́ ọn. "Máa kà á lọ, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣì í."

Mo kà á tán. Àwọn obìnrin ju súìtì lù mí látòkè níbi tí wọ́n ń jókòó, bí àṣà wa. Nígbà tí mo yíjú, Bàbá Bohor ò sí ní ìjókòó ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta
Kò wá lánàá. A dúró, a dúró, a ò pé mẹ́wàá. Kálukú gba ilé ẹ̀ lọ.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ lónìí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni." Ó béèrè látinú ilé pé ta ló tún mọ̀. Irọ́ pípa ti sú mi.

"Gbogbo wa ni, Bàbá."

Kò ṣílẹ̀kùn.